Ilé Dígí Lábẹ́ Oòrùn Dubai

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn olówó ṣe ń fi owó ṣeré, ẹ wá sí Dubai lásìkò tí ooru bá rọlẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo gbọ̀ngàn àti gbogbo pápá tó ṣófo máa ń kún fún àfihàn: àfihàn ọkọ̀, àfihàn aṣọ ìyàwó, àfihàn ṣokoléètì, kódà àfihàn ajá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ya àwòrán àwọn àtíbàbà olówó iyebíye tí wọ́n ń pàtẹ nǹkan sí nínú wọn. Ayàwòrán ilé ni mí, ní iléeṣẹ́ kan tó jẹ́ pé ohun tó bá kọ́ lónìí, yóò tú u palẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo kàwé gidi nítorí iṣẹ́ yìí o. Màmá mi nílé ṣì ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọmọ àwọn wà lára àwọn tó ń kọ́ Dubai. Mi ò tíì rí ẹnu sọ fún wọn pé àtíbàbà ajá ni mo ń kọ́.

Ọ̀gá mi jẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti pẹ́ níbí débi pé ó ti gbàgbé bí òtútù ṣe ń rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pè wá sí yàrá ìpàdé, ó tan àwòrán kan sára ògiri. Ilé dígí ni. Dígí lókè, dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn, ilé náà sì gùn lọ bíi pé kò ní parí. Ó ní àwọn baba ńlá òun ló kọ́ ọ sí Lọ́ńdọ̀nù, láyé ọbabìnrin kúkúrú aláṣọ dúdú yẹn, èyí tó jọba lé wa lórí láìdé ọ̀dọ̀ wa rí. Ó ní ilé náà ni ìyá gbogbo ilé àfihàn láyé, òun sì fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ sí Dubai.

Mo wo ojú fèrèsé. Oòrùn wà níta, ó ń dán lórí òrùlé àwọn ọkọ̀ débi pé ojú ò gbà á. Gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú yìí ló ń sá fún oòrùn. A ń lẹ nǹkan dúdú mọ́ dígí ọkọ̀, a ń fa kọ́tìnnì lọ́sàn-án gangan, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé abẹ́ òjìji ni èèyàn ń gbà rìn. Ọkùnrin yìí wá ní ká kọ́ ilé tí kò níṣẹ́ méjì ju kó gba oòrùn wọlé lọ.

"Sà," mo ní, "oòrùn ńkọ́?"

"Habibi, a máa fi AC sí i," ló fi dá mi lóhùn. Ó fẹ́ràn kó máa pe èèyàn ní habibi, ìyẹn àyànfẹ́ mi, bíi pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní làákàyè.

Ó ní kí n lọ kà nípa ilé àtijọ́ náà dáadáa kí tiwa lè jọ ọ́. Mo kà á, ó sì bí mi nínú pé mo gbádùn rẹ̀. Mi ò ní parọ́: orí ọkùnrin tó ya ilé yẹn pé. Ológbà ni, iṣẹ́ òdòdó ló ń ṣe fún ọlọ́lá kan, ilé dígí ló sì ń kọ́ fún un kí ewéko ilẹ̀ olóoru lè máa hù nínú òtútù wọn. Ewé ńlá kan wà tó máa ń léfòó lórí omi. Ó yí ewé náà dà, ó wo bí àwọn iṣan abẹ́ rẹ̀ ṣe gbé e dúró, ó sì ní bí òun ṣe máa gbé òrùlé dúró nìyẹn. Dígí ló wá fi ṣe ìwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ó mú dígí tó gùn jù lọ nínú èyí tí wọ́n lè ṣe nígbà náà, ó fi pín ilé náà látòkè délẹ̀, òpó àti igi àjà àti gọ́tà, kò sí èyí tí kò bá ìwọ̀n dígí yẹn mu. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ti rọ àwọn irin náà, ọkọ̀ ojú irin ló kó wọn wá, wọ́n sì fi bóòtù so wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń to bẹ́ẹ̀dì onírin. Omi òjò ń gba inú òpó sọ̀kalẹ̀. Àwọn igi ńlá kan wà lórí ilẹ̀ náà tí àwọn ará ìlú ní wọn ò gbọdọ̀ gé, ó kúkú kọ́ ilé náà bo igi mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, pẹ̀lú bí oòrùn ìlú wọn ṣe rọ tó, wọ́n ṣì ní láti ta aṣọ tapólì sórí òrùlé yẹn kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ má baà yan. Mo fi ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ han Ọ̀gá. Ó ní tapólì máa ba àwòrán jẹ́.

Ilé tó dára báyẹn, kí ni wọ́n wá fi ṣe? Fáàrí. Wọ́n kó ẹrù gbogbo ayé jọ sábẹ́ òrùlé kan kí àwọn ará ìlú wọn lè sanwó wọlé, kí wọ́n wò ó pé àwọn làgbà. Ìdajì ilé jẹ́ tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ oríṣiríṣi tó ń pariwo, ìdajì tó kù ni gbogbo ayé yòókù há ara wọn sí. Àyè Íńdíà kún fún ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníǹkan, títí kan dáyámọ́ńdì ńlá kan tó jẹ́ ti ọba tí irùngbọ̀n ò tíì hù lójú rẹ̀. Àwọn òǹwòran tò lọ síbẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní kò dán tó bí àwọn ṣe rò. Ẹ gbọ́ mi o: èèyàn gba nǹkan oníǹkan, ó tún ń ráhùn pé kò dán.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí Ọ̀gá fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọ iye ọjà sára ọjà. Àfihàn ni, kì í ṣe ọjà, ọ̀rọ̀ iye máa ba ọlá ibẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe tiwa. Kò sí iye, kò sí títà, kò sí rírà. Ṣùgbọ́n ẹnu géètì, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n ń ta kọfí, iye rẹ̀ sì wà lára pátákó gàdàgbà. Ọlá ò mọ ibẹ̀ ni?

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pápá ìgbọ́kọ̀sí hòtẹ́ẹ̀lì kan. Láràárọ̀ ni mò ń kúrò ní Al Nahda ti Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, tí mò ń wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú gbogbo àwa tí owó ilé Dubai ò jẹ́ ká sùn níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Irin ilé àtijọ́ di alumíníọ̀mù tí a kùn kó jọ irin. Dígí òrùlé di rọ́bà tó ń tàn yanran. Àwọn igi ńlá inú ilé ńkọ́? Ọ̀gá ra ọ̀pẹ oníke, ní ìlú tí ọ̀pẹ déètì gidi tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A kó ẹ̀rọ amúlétutù sẹ́yìn ilé, wọ́n ń bú bíi kìnnìún.

Mo kìlọ̀ fún un nípa ìrì. Ológbà yẹn ti ronú nípa ìrì tirẹ̀. Nílùú òtútù, inú ilé ló ń móoru, inú náà ni dígí sì ti ń làágùn, ló bá gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sára igi òrùlé kí omi lè ráyè ṣàn lọ. Tiwa yàtọ̀. Inú la fẹ́ fi AC mú tutù, ìta ló gbóná, afẹ́fẹ́ òkun sì tún kún fún omi. Ìta ni dígí wa máa ti làágùn, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú. Ọ̀gá ní kí n má dààmú, ó ní yalla, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí ilé náà, ó pè mí. Wọ́n ti pín àyè fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àyè ti ilẹ̀ wa sì ṣófo. Kò sẹ́ni tó dá lẹ́tà rẹ̀ lóhùn. "Ọmọ ibẹ̀ kọ́ ni ọ́?" ló wí. "Bá mi wá nǹkan aláràbarà kan." Nǹkan aláràbarà. Bíi pé mo ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àmọ́ mo mọ ẹni tí mo máa lọ bá. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Abu Shagara, ní Sharjah kan náà, obìnrin ọmọ Abẹ́òkúta bíi tèmi. A ò bára tan, ṣùgbọ́n níbí, ẹni tó bá ti jù ọ́ lọ tó sì ń sọ èdè rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń ṣe látọjọ́ pípẹ́ ni pé kí wọ́n bá àwọn ọlọ́jà Èkó ra ọjà ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai, kí wọ́n dì í, kí wọ́n fi kágò ránṣẹ́. Páálí gbígbé ti ba ìbàdí wọn jẹ́. Ìyá wọn, aláró ni, ìyá ìyá wọn náà, aláró. Àwọn fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aró nínú ilé ìwẹ̀ flat wọn. Wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, wọ́n ń ya ẹyẹ, òòyà, agbòòrùn, kí wọ́n tó rì í sínú rọ́bà aró. Ilé ìwẹ̀ náà ti di àwọ̀ aró látòkè délẹ̀. Nátúrù, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ilé, ti wá kanlẹ̀kùn lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló ń rùn. Tí wọ́n bá tún ń fi igi lu aṣọ kó lè máa dán, ará ìsàlẹ̀ á máa fi ìgbálẹ̀ gún àjà.

Mo bá wọn lórí ìjókòó, tí wọ́n ń na aṣọ kan sórí itan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bá yín rí opportunity kan."

"Tí kì í bá ti í ṣe páálí, mò ń gbọ́."

Mo ṣàlàyé ilé dígí náà fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Glass? Nínú oòrùn yìí? Ta ló ṣépè fún wọn?"

"Ọ̀gá mi ni."

"Show ni àbí ọjà?"

"Show ni, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò ní gbà kí ẹ tà, wọn ò sì ní gbà kí ẹ dárúkọ iye."

"Ah-ah! Kí n kó ọjà síta, kí èèyàn bi mí pé eélòó, kí n wá di odi?" Wọ́n ká aṣọ náà sórí ẹsẹ̀. "Àbúrò, gbọ́. Visa mi máa tó parí. Tí mo bá rí ẹnìkan péré tó máa gbà kí n máa ṣe aṣọ fún òun, hotel ni o, shop ni o, mo dúró, mo renew. Tí mi ò bá rí, khalas, ó parí, mo ń lọ ilé. Mi ò gbé páálí mọ́ láyé mi. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wá síbẹ̀?"

"Àwọn olówó gan-an ló máa wá."

"Ó dáa. Mo ń bọ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ilé àfihàn tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wá di ibi tí Ẹ̀gbọ́n máa fi mọ̀ bóyá wọ́n ń dúró tàbí wọ́n ń lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, mo bá wọn ta àwọn aṣọ náà sórí okùn ní àyè wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dígí tó kọjú síta. Ẹ̀gbọ́n mi mọ aró rẹ. Aṣọ wọn kì í ṣí, ẹ fọ̀ ọ́ títí, omi rẹ̀ á mọ́ kedere. Èyí tó wà láàárín, tí wọ́n ya odindi agbo ẹyẹ sí, mo ti wò ó tẹ́lẹ̀ nílé wọn, síbẹ̀ mo tún dúró wò ó. Mo ṣe fáàrí lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ́wọ́. Orílẹ̀-èdè tó wà lápá ọ̀tún wa kó ìgò òróró wá, èyí tó wà lápá òsì gbé ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ wá, kò sì sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Àwọn èèyàn wá o. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ ń kọjú sí fóònù. Wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí aṣọ, wọ́n á ya ara wọn, wọ́n á lọ. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ tiẹ̀ ń wo nǹkan kí wọ́n tó ráhùn. Àwọn tiwa ò wo nǹkan kan, àwọn fúnra wọn ni àfihàn.

Nígbà tó yá, ìyá ọlọ́lá kan tó wọ abàyà dúdú dúró. Ó gbá aṣọ ẹlẹ́yẹ náà mú, ó fi ìka pa á, ó yí i wo òdìkejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wọn. Ó ní òun ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan, òun sì ń wá aṣọ tó máa wà lórí ògiri àti lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo rí i tí ọrùn Ẹ̀gbọ́n gùn. Ó wá béèrè pé eélòó ni.

Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ìka sí pátákó òfin rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo pátákó náà. Obìnrin tó lè ná ọjà pẹ̀lú gbogbo ṣọ́ọ̀bù Deira títí àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ á fi máa bẹ̀ wọ́n, wọn ò lè dárúkọ iye. "After the show, madam," ni wọ́n ní. "After the show, inshallah." Ìyá náà mi orí, ó ní inshallah, ó lọ. Kò béèrè orúkọ. Inú bí mi sí Ọ̀gá, àmọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ ló gba visa fún mi, mo kàn ń tún aṣọ tò lórí okùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n fà mí lápá.

"Ṣé òfin wọn ní n kò gbọdọ̀ fún èèyàn ní nǹkan?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ehn, wàhálà parí. Wọn ò jẹ́ kí n tà, mo máa fún wọn ní èènì."

Wọ́n yọ àlùmọ́gàjí nínú báàgì, wọ́n mú aṣọ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó tó àtẹ́lẹwọ́ níwọ̀n.

Ẹni tó bá ti ra gààrí lọ́wọ́ wa rí mọ ohun tí èènì jẹ́. Ọlọ́jà ti wọn ọjà fún ọ tán, á tún bù díẹ̀ lé e. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó fi so ẹsẹ̀ rẹ mọ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni, ẹni tó bá gba èènì, ojú á tì í láti lọ ra ọjà níbòmíì. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n rò nìyẹn. Tí ọjà ò bá lè ṣáájú, kí èènì ṣáájú. Ẹni tó bá gbà á máa mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ti jẹ wọ́n ní ọjà kan. Tí àfihàn bá parí, á wá wọn wá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Inú ìwà yìí la bí wa sí, kò sọ sí ìkankan nínú wa lọ́kàn pé àwọn ẹlòmíì ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo èrò! Ohun tí kò ní iye, tí wọ́n sì ń fi lé èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n tò dé ibi ọ̀pẹ oníke. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn, wọ́n ń gbà á fún ọmọ, ẹlòmíì gbà á ó tún padà wá tò. Ẹ̀gbọ́n ń fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe ń ṣe fún oníbàárà pàtàkì, wọ́n ń sọ ibi tí àwọn ń gbé ní Abu Shagara fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn ń sọ pé so cute, wọ́n ń lọ. Ọ̀gá kọjá, ó fọwọ́ sí i, ó ní ohun tí òun ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe gé aṣọ kan tán nìyẹn, wọ́n mú òmíràn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gé sí i. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bóyá mo rí ìyá alábàyà. Mi ò rí i. Nígbà tó wá di pé aṣọ ẹlẹ́yẹ nìkan ló kù lórí okùn, tí Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i, mo dì í mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má gé èyí."

"Fi sílẹ̀. Wọ́n á padà wá. Àwọn tó gbà á pọ̀, ẹnìkan péré ni mò ń wá."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn yìí ò ro nǹkan kan. Freebie ni wọ́n pè é."

"Ẹni tó bá gba èènì mọ ohun tó gbà," ni wọ́n ní, wọ́n sì fi àlùmọ́gàjí sí etí rẹ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn kí n má baà rí i.

Ìrì tí mo kìlọ̀ nípa rẹ̀ ti ń da ilé náà láàmú láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Láràárọ̀ ni gbogbo dígí máa ń ṣú bàìbàì láti ìta, omi á máa ṣàn lára wọn bí ẹkún. Ilé tí wọ́n kọ́ kí gbogbo ayé lè rí inú rẹ̀, ẹ dúró níta, ẹ ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá gba àwọn òṣìṣẹ́ sí i, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa nu dígí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi ga. Ológbà òyìnbó yẹn á ti fi wá rẹ́rìn-ín kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àfihàn máa parí, Ọ̀gá ní kí n bá òun yí ilé náà ká níta, kí a wo ibi tí omi ti ń jò. A dé ìhà àyè tiwa. Àwọn òṣìṣẹ́ tò lọ lára ògiri, ọwọ́ wọn ń lọ sókè sódò lára dígí. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ àwọ̀ aró. Mo súnmọ́ ọ̀kan. Mo rí òòyà. Mo rí agbòòrùn lọ́wọ́ ẹnìkejì. Wọ́n kó òkìtì rẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti rin gbingbin, orí ẹyẹ yọ síta lókè pátápátá.

Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i. Orí àga ni, ni wọ́n ní, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, inú àgbá ìdọ̀tí lẹ́nu géètì. Àwọn àlejò ń jù ú sílẹ̀ tí wọ́n bá ń jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ò ṣe nǹkan tó burú, èèyàn ò gbọdọ̀ bá wọn wí. Àwọn tó tò fún un, tí wọ́n ń ní so cute, tí wọn ò tiẹ̀ lè gbé ohun tó tó àtẹ́lẹwọ́ délé, àwọn ni mo ṣépè fún.

Òṣìṣẹ́ tó wà níwájú mi fa aṣọ kan látòkè dé ìsàlẹ̀ lára dígí. Ìrì lọ. Ojú Ẹ̀gbọ́n yọ lódìkejì. Wọ́n dúró sí àyè wọn nínú ilé, wọn ò wò mí, ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n ń wò.

Ọ̀gá ti mú ọ̀kan nínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó fi nu dígí fúnra rẹ̀, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. "Kò fi òwú sílẹ̀ rárá," ló wí, inú rẹ̀ dùn. "Mi ò rí irú èyí rí. Obìnrin yín ló ń ṣe é?" Kí n tó lanu, ó ti wọlé, èmi náà sì sáré tẹ̀ lé e.

Ó dúró síwájú Ẹ̀gbọ́n tòun ti aṣọ tó ń kán omi. Ó ní iléeṣẹ́ òun nílò rẹ̀ láti máa fi nu dígí, ní gbogbo àfihàn tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ lóṣooṣù. Ó wá bi wọ́n, lábẹ́ pátákó òfin tirẹ̀, pé eélòó ni ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Sọ fún un pé aṣọ tó bá ti gbó la fi ń ṣe àkísà."

Mo sọ fún un.

"Sọ fún un pé èyí ò gbó. Ẹnì kankan ò tíì wọ̀ ọ́."

Mo sọ ìyẹn náà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn gan-an ló dára, tuntun ló dára jù.

Ẹ̀gbọ́n tú èyí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ ẹlẹ́yẹ kúrò lórí okùn, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n ró o mọ́ ìdí, sórí ṣòkòtò tí wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n fà á lápá ọ̀tún, wọ́n fà á lápá òsì. Wọ́n ti gé e jù, kò yí wọn ká mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ibi tó ṣí sílẹ̀ mú, wọ́n ní khalas, kí n bá àwọn gbé báàgì, a sì jáde.